Ọ̀rẹ́ Náà Wà Nínú Ìtọ́jú Ọmọ Tí Kì Í Lè Jókòó

 

Ọmọ tí kì í lè jókòó, tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró lójú kan, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òun la máa ń nà jù ní ìsọ̀. ADHD ni àwọn dókítà ń pè é. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe pé ìyá ẹ̀ ò kọ́ ọ. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ bá a ṣeré, torí kì í lè ní sùúrù kó tó kàn án.

Ní Amẹ́ríkà, ní 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n William Pelham bẹ̀rẹ̀ ètò ìsinmi kan fún irú wọn ní Florida State University. Nídìí eré bọ́ọ̀lù, láàárín ẹgbẹ́ wọn, ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Tọ́mọ bá ní sùúrù, máàkì lójú ẹsẹ̀; tó bá já nǹkan gbà, wọ́n á yọ ọ́. Kò sí pàṣán níbẹ̀ o.

Ní kíláàsì ńkọ́? Tó bá ń ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín àwọn yòókù ni owó iṣẹ́ ẹ̀. Tíṣà tó bá gbọ́n á ṣèlérí ẹ̀bùn fún gbogbo kíláàsì, tí wọn ò bá ti rẹ́rìn-ín.

Nílé, ẹ má kó ọmọ mẹ́wàá jọ. Ẹ pe ẹyọ kan, oníwà pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ wà nítòsí, kẹ́ ẹ sì tú wọn ká nígbà tí eré ṣì ń dùn.

Ẹ̀yin tí ìsọ̀ yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ọmọ yín sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó lọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ máa wò ó láti orí ìjókòó yín.