Ẹ Kú Ewu Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹgbẹ́ ìkàwé àgbà sọ ní Ìtàjí-Èkìtì

Ó ti rẹ ọ̀pọ̀ nínú yín kí ẹ tó dé ibí, nítorí náà a kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa gùn jù.

Bí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ wa, báwo ni a ṣe ń kí i? A ń wí pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Àwọn ará ilé a sì dáhùn pé, "Ewu iná kì í pa àwòdì." Ẹ wo ìkíni yìí dáadáa. Ọmọ dé, ayọ̀ dé, síbẹ̀ ewu ni àwọn baba wa kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ohun kan tí a fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé lónìí ni èyí: ewu ọmọ kì í tán ní ọjọ́ tí ọmọ bá ké. Wákàtí 24 àkọ́kọ́ ló le jù, ọ̀sẹ̀ 6 sì tún wà níwájú. Láàárín ìgbà yìí, oríṣiríṣi oògùn ni àwọn ènìyàn ń gbé wá fún ìyá ọmọ: àgbo, ìpara, àti hóró kéékèèké tó ń dùn lẹ́nu bíi ṣúgà, tí wọ́n ń pè ní oògùn hómíópátì. Èwo ló ń ṣiṣẹ́? Èwo ni kò ṣe nǹkan kan? Èwo ló lè mú wa jókòó sílé nígbà tó yẹ kí a ti wà lójú ọ̀nà ọsibítù?

1. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ìyá

Nígbà tí ọmọ wà nínú, ibi ọmọ lẹ̀ mọ́ ara ilé-ọmọ. Láti ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí ibi bá ti já, ojú ibi tó ti já yóò dà bí ọgbẹ́ ńlá, ẹnu ọ̀pọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò sì ṣí sílẹ̀. Kí ni yóò dí wọn? Ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ ni. Yóò súnkì, bí ìgbà tí ènìyàn bá di ẹ̀ṣẹ́, yóò sì fún ẹnu àwọn iṣan náà pa. Bí agbẹ̀bí bá fi ọwọ́ kan ikùn ìyá, yóò bá ilé-ọmọ tó le bí ọsàn. Bí ó bá rọ̀, tí kò le, ẹ̀jẹ̀ ń dà nìyẹn.

Bí ọmọ bá ń mu ọmú, ara ìyá máa ń pèsè ohun kan tó ń mú kí ilé-ọmọ súnkì. Ìdí nìyí tí inú fi máa ń run ìyá nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Inú rírun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àrùn. Ilé-ọmọ ló ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí a gbé ọmọ sí ọmú láàárín wákàtí kan tí a bí i.

Ẹ̀jẹ̀ yóò máa jáde fún bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Yóò kọ́kọ́ pupa, lẹ́yìn náà yóò ṣì, yóò sì funfun kí ó tó dá. Bí ó bá ń dín kù lójoojúmọ́, ó dára. Bí ó bá ti dín kù, tó wá tún padà dà púpọ̀, kò dára rárá.

2. Àṣà wa

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé gbogbo àṣà wa ló burú. Irọ́ ni. Ìyá ìyàwó tàbí ìyá ọkọ á wá bá ìyá ọmọ gbé, á wẹ ọmọ, á dáná, á jẹ́ kí ìyá ọmọ sùn. Kò sí oògùn tó tó èyí. Ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, gbogbo ìwọ̀nyí ló ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sára. Ẹ jẹ́ kí a fi hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fún wa kún un. Bí wọ́n bá ní kí ìyá máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lò ó tán. Kí ó má gbé e pamọ́ sínú àpótí.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó yẹ kí a fi sílẹ̀. Omi tó ń hó kì í wo ojú ibi tó ya sàn. Ńṣe ló ń bó o. Omi mímọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tó. Àwọn mìíràn máa ń fi agbára tẹ ikùn ìyá pé àwọn ń lé ẹ̀jẹ̀ burúkú jáde. Bí agbẹ̀bí bá rọra ra ikùn ìyá lọ́wọ́ kan náà tí ibi bọ́, kí ilé-ọmọ lè le, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó ń tẹ ikùn ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ kẹta kò mọ ohun tó ń ṣe.

Àgbo ńkọ́? Àgbo ní agbára, a kò sọ pé kò ní. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ewé méjì lè jọ ara wọn, ìgò méjì lè má le bákan náà. Èyí tí wọ́n fi ògógóró pò ń bá ọmú dé ẹnu ọmọ. Bí ìyá bá ti mu àgbo, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì láìfi pamọ́. Ní ti ọmọ, kí a má fún un ní àgbo, kí a má fún un ní omi pàápàá. Ọmú nìkan ni títí oṣù 6.

3. Hóró aládùn láti òkè òkun

Oògùn hómíópátì kì í ṣe àgbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa wọ́n pọ̀. Dókítà ará Jámánì kan, Samuel Hahnemann, ló dá a sílẹ̀ ní 1796. Ó ní ohun tó bá lè fa àìsàn sára ẹni tí ara rẹ̀ le, díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ yóò wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn. Fún àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, èyí tí wọ́n sábà máa ń tà ni arnica, tí wọ́n ń ti ara òdòdó orí òkè kan ní Yúróòpù ṣe. Wọ́n ní ó ń wo ìrora àti ara bíbó sàn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọn á mú ẹ̀kán oògùn 1, wọn á fi sínú ẹ̀kán omi 99, wọn á mì í. Wọn á tún mú ẹ̀kán 1 nínú ìyẹn, wọn á fi sínú ẹ̀kán omi 99 mìíràn. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 30, wọn á kọ 30C sára ìgò. Ẹ jẹ́ kí a fi ọbẹ̀ wò ó. Ẹ bu ìgbakọ ọbẹ̀ kan sínú ìkòkò omi ńlá. Ẹ bu ìgbakọ kan nínú ìkòkò náà sínú ìkòkò omi mìíràn. Ẹ ṣe é ní ìgbà 30. Ta ni nínú yín tí yóò fi ìkòkò ìkẹyìn jẹ iyán? Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìṣirò rẹ̀: bí ó bá ti kọjá ìgbà 12, bóyá ni ohunkóhun nínú oògùn ìbẹ̀rẹ̀ fi kù síbẹ̀.

Ní 2015, ìgbìmọ̀ ìjọba Ọsirélíà tó ń rí sí ìwádìí ìṣègùn yẹ gbogbo ẹ̀rí wò. Wọ́n ní kò sí àìsàn kan tí ẹ̀rí tó dájú wà fún pé hómíópátì ń wò ó sàn. Hóró 30C náà kì í sábà pa ènìyàn lára. Ohun tó ń pani ni dídúró dè é. Ìyá ń sun ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń ka hóró sábẹ́ ahọ́n rẹ̀, wọ́n ń wò ó bóyá yóò dá. Bákan náà ni fún ẹni tó ń dúró de àgbo.

4. Ìyá 40 àti ìyá 210,132

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Ṣé ẹ ti dán an wò?" Ìbéèrè tó dára ni. Ní 2005, àwọn dókítà kan ní Ísírẹ́lì ròyìn pé àwọn dán arnica àti oògùn hómíópátì mìíràn wò lára ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n rò pé ó ṣe ìrànwọ́ díẹ̀. Mélòó ni àwọn ìyá náà? 40 péré. Àwọn dókítà náà fúnra wọn pè é ní ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ òmíràn. Ní 2023, ìròyìn jáde nípa ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE. Ìyá 210,132 ló wà nínú rẹ̀, ní ọsibítù 80, ní Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà, South Africa àti Nàìjíríà wa yìí. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀rá náà ní àpò, àpò náà ní ìlà àti nọ́ńbà lára. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú àpò, nọ́ọ̀sì ń ka nọ́ńbà. Tẹ́lẹ̀, ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó, ojú a sì máa tan ni jẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé ìlà tí wọ́n fi lé e, wọn kì í dúró mọ́. Wọ́n á ra ilé-ọmọ kó le, wọ́n á fún ìyá ní abẹ́rẹ́ tó ń mú un súnkì, wọ́n á fún un ní tranexamic acid tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n á fi omi sí i lára, wọ́n á sì wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tó burú jáì àti ohun tó ń tẹ̀lé e dín kù ní 60 nínú 100.

Ẹ ò rí i bí? Nọ́ńbà ara ọ̀rá ni wọ́n kà. Kíkà ló gba ẹ̀mí là.

Oògùn tranexamic acid yìí, obìnrin ará Jàpáànù kan, Dókítà Utako Okamoto, àti ọkọ rẹ̀ ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1962. Ní 2017, ìdánwò lára ìyá tó lé ní 20,000 ní ilẹ̀ 21, Nàìjíríà wà nínú wọn, fi hàn pé ó ń dín ikú kù bí a bá fún ìyá láàárín wákàtí 3. Wákàtí 3, ẹ jọ̀ọ́. Láti Ìtàjí dé ọsibítù ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, ọ̀nà jìn fún ẹni tí kò tètè gbéra.

5. Ohun tí ẹ̀yin tó mọ̀wé yóò ṣe

Èkíní: ẹ ka ara ìgò. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́. Ẹ ka ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Lára ọ̀pọ̀ ìgò oògùn ìbílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké pé NAFDAC kò tíì yẹ ìlérí oògùn náà wò. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò rí nọ́ńbà nìkan. Ẹ̀yin yóò rí ìyókù.

Èkejì: ẹ kọ nọ́ńbà fóònù awakọ̀ kan àti ti nọ́ọ̀sì sára ògiri kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Ẹ̀yin bàbá, ẹ fi owó ọkọ̀ pamọ́ lọ́tọ̀. Owó ìkómọ lè dúró, owó ọkọ̀ kò lè dúró.

Ẹ̀kẹta: kí ìyá padà lọ fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá.

Ẹ̀kẹrin: ẹ da àmì wọ̀nyí kọ sínú ìwé yín. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ọsibítù lójú ẹsẹ̀:

Ẹ̀jẹ̀ rin aṣọ ìlédìí gbingbin láàárín wákàtí kan, tàbí ó ń jáde ní ṣíṣù ńlá.
Ara ìyá gbóná, tàbí ohun tó ń jáde lára rẹ̀ ń rùn.
Orí ń fọ́ ọ gidigidi, ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí gìrì mú un.
Ẹsẹ̀ kan wú, ó sì ń dùn ún.
Kò lè mí dáadáa, tàbí òòyì ń kọ́ ọ.
Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, tàbí ó ń sọ pé òun kò fẹ́ wà láàyè mọ́. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Àwọn ìjọ Áńgílíkà sọ ilé ìwòsàn wọn ní Adó-Èkìtì ní Ilé Abíyè. Ẹ ka orúkọ náà díẹ̀díẹ̀: kí a bí, kí a sì yè. Bíbí nìkan kò tó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; kí àgbà tó mọ̀wé má sì wà nílé kí ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ dà nù.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Kí ni ó ń dí ẹnu iṣan ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ibi ọmọ bá já?
2. Kí ni ìtumọ̀ 30C lára ìgò oògùn?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìdánwò ìyá 40 àti ti ìyá 210,132?
4. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà awakọ̀ tí ẹ ó pè lóru. Ẹ fi han ẹnìkejì yín kí ó kà á.