Ẹyẹ Takahē àti Ẹni tí Ó Kọ́kọ́ Rí I

Ìbéèrè kan ni a gbé lé wa lọ́wọ́, tí ó dà bí ẹni pé kò le rárá: ẹyẹ takahē ti ilẹ̀ New Zealand, tí gbogbo ayé ti kà mọ́ òkú, ta ni ó kọ́kọ́ rí i? Ìwé púpọ̀ dáhùn ní gbólóhùn kan pé Dókítà Geoffrey Orbell ni, ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1948. Nígbà tí àwa yẹ ọ̀ràn náà wò, a rí i pé ìdáhùn náà kéré jù fún ìbéèrè náà.

Ẹyẹ yìí tóbi ju àgbébọ̀ adìẹ lọ. Àyà rẹ̀ dúdú bí aṣọ aró, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ewé tútù, àgógó rẹ̀ nípọn ó sì pupa, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn baba wa a máa wí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kanra. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kan takahē, nítorí ó ní apá ṣùgbọ́n kò lè fò. Láàárín koríko gíga orí òkè ni ó ń gbé, tí ó ń fa koríko tu, tí ó sì ń jẹ ìdí rẹ̀ tí ó rọ̀.

Kí òyìnbó kankan tó fi ojú kàn án, àwọn Māori tí í ṣe onílẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń ṣọdẹ rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Ngāi Tahu ní Erékùṣù Gúúsù ni ó ni orúkọ tí a ń pè é títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1847, Walter Mantell rí egungun ẹyẹ ńlá kan ní Erékùṣù Àríwá, ó fi í ránṣẹ́ sí London, Richard Owen sì sọ ọ́ lórúkọ ní 1848. Ẹ kíyè sí i: egungun ni àwọn ọ̀mọ̀wé kọ́kọ́ rí, ara òkú ni wọ́n sì fi orúkọ wọn sí.

Ní 1849, àwọn ọkùnrin kan tí ń pa ẹran òkun tí à ń pè ní séálì rí ipasẹ̀ ẹyẹ lórí òjò dídì ní Resolution Island. Ajá wọn lé e, wọ́n mú un láàyè, ó ké, ó sì jà gidigidi. Wọ́n pa á mọ́ nínú ọkọ̀ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà wọ́n pa á, wọ́n sun ún, wọ́n jẹ ẹ́, gbogbo wọn sì jẹ́rìí pé ó dùn. Awọ rẹ̀ ni Mantell rí gbà. Ní 1851 àwọn Māori mú èkejì ní Secretary Island. Ajá ni ó mú ẹ̀kẹta ní 1879, ajá ni ó sì mú ẹ̀kẹrin ní oṣù kẹjọ ọdún 1898, lẹ́bàá adágún Te Anau. Rough ni orúkọ ajá yẹn. Àwọn arákùnrin méjì tí à ń pè ní Ross ni olúwa rẹ̀, ìjọba sì ra òkú ẹyẹ náà ní £250. Bí a bá fẹ́ fi òtítọ́ ṣe ìdájọ́, mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ajá kọ́kọ́ rí, kò sì sí ẹni tí ó kọ ìwé ìyìn sí ajá.

Láti ìgbà náà, 50 ọdún kọjá, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ẹyẹ náà ti tán.

Dókítà Orbell, oníṣègùn ní ìlú Invercargill, kò gbà. Ní oṣù kẹrin 1948 òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun àwọn òkè Murchison lọ, wọ́n dé adágún kan tí ó fara pamọ́, wọ́n gbọ́ igbe ẹyẹ tí wọn kò mọ̀, wọ́n sì rí ipasẹ̀. Ní oṣù kọkànlá wọ́n padà lọ pẹ̀lú àwọ̀n àti ẹ̀rọ ayàwòrán. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n: Orbell, Neil McCrostie, Rex Watson, àti Joan Telfer. Wọ́n rí takahē láàyè, wọ́n fi àwọ̀n mú méjì, wọ́n ya àwòrán wọn, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó ṣáájú kò ṣe ni èyí. Nítorí rẹ̀ ni àwa kò fi bá ẹnikẹ́ni jà bí a bá sọ adágún náà ní orúkọ Orbell. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta ìyókù ńkọ́?

Ẹ má bínú bí a bá mẹ́nu kan ilé wa. Nínú ìjọ wa pẹ̀lú, àríyànjiyàn kì í tán lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ mú Ìhìnrere wọ ìlú kan. Orúkọ ẹni tí ó wàásù wà lára ògiri. Baálé tí ó gbà á lálejò, tí ó fi yàrá àti oúnjẹ fún un, ọmọ-ọmọ rẹ̀ pàápàá lè ṣàì mọ̀.

Ìjọba ti àgbègbè náà kí ènìyàn má baà dà á rú. Síbẹ̀ àwọn ẹranko kéékèèké tí ń pẹyẹ jẹ, tí òyìnbó kó wá, kò gba ìwé àṣẹ, àwọn àgbọ̀nrín sì ń bá takahē du koríko, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní nǹkan bí 1981 díẹ̀ ju 100 ni ó kù. Nípa ìtọ́jú àti ọ̀pọ̀ làálàá, wọ́n tó nǹkan bí 500 ní 2023. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n tú 18 sílẹ̀ lórí ilẹ̀ àwọn Ngāi Tahu, níbi tí takahē kò ti rìn fún nǹkan bí 100 ọdún. Tā Tipene O'Regan, àgbà nínú ẹ̀yà náà, ẹni ọdún 87, wà lára àwọn tí ó ṣí àpótí wọn. Nígbà tí àwọn ẹyẹ náà sá jáde wọ inú koríko, ó ní ojú òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, síbẹ̀ òun rí wọn.