Ẹni Tí A Bá Pàdé Ní Ìpàtẹ Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ àwọn ìpàtẹ ọjà ńlá tí a ń ṣe ní ilẹ̀ wa, àti irú èrè kan tí oníṣòwò kékeré lè rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí owó ọwọ́.

Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé ti Èkó ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ọdún 1977 ni a kọ́kọ́ ṣe é, ní ọgbà ńlá tí ó wà lójú ọ̀nà Badagry. Nígbà tí ó yá, Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣòwò àti Oníléeṣẹ́ ti Èkó, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1888, di alábòójútó rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Aláàdìrẹ ń bẹ níbẹ̀, elélùbọ́ ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí gbogbo irinṣẹ́ wọn kò ju ẹ̀rọ ayárabíàṣá kan àti tábìlì kan lọ.

Èrò ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé bí a kò bá tà, a ti pàdánù. N kò ní kí ẹ fi ojú tín-ín-rín wo owó. Ẹni tí ó fi owó èésú san owó ìsọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò ka ọjà sí ibi ìtà nìkan. Ní ọjà ọrọọrún ni wọ́n ti ń gbọ́ ìlú tí iṣu ti wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mọ ẹni tí a lè fún ní ọjà láwìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní ìpàtẹ kan tí iṣẹ́ gbé mi lọ. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta pàtẹ síbẹ̀. Wọ́n ti ṣe ètò kan sínú tẹlifóònù, èyí tí oníṣòwò lè fi máa kọ gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ sílẹ̀. Ìyá kan tí ń ta gàrí Ìjẹ̀bú ni ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Fún odindi ọjọ́ méjì, àwọn ọ̀gá tí ó wọ kóòtù ni àwọn ọmọ náà ń nawọ́ pè. Kò sí èyí tí ó rántí pé ẹni tí ó ti ń ta ọjà láwìn láti ogún ọdún ni ó jókòó níwájú wọn.

Ní ọjọ́ kẹta òjò dé. Ìbòrí ìsọ̀ àwọn ọmọ náà ń jò, wọ́n sì sáré gbé ẹ̀rọ wọn wọ ọ̀dọ̀ ìyá. Ó fún wọn ní ìjókòó, ó fún wọn ní gàrí mu. Nígbà tí ó ṣe, ọ̀kan nínú wọn na tẹlifóònù sí i: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ẹnì kan tí ó jẹ yín lówó." Ìyá ní, "Ìyá Sùnmọ́nù ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí." Ẹ̀rọ kò gbà á. Ó fẹ́ orúkọ àbísọ, ó fẹ́ orúkọ bàbá, ó tún fẹ́ nọ́ńbà ilé. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, bí mo bá ń bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀ kí n tó wọn gàrí fún un, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò lọ."

Kí ìpàtẹ tó tú, wọ́n ti tún ètò náà ṣe, ó ti ń gba orúkọ tí a fi ń pe ènìyàn ládùúgbò. Ìyá náà kò sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti gbé gàrí dé ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n dá a padà, tí ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó ṣàlàyé pé oúnjẹ tí a dì sínú ọ̀rá fún irú ìtajà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àjọ NAFDAC, wọ́n sì mú un mọ obìnrin kan tí ó mọ ọ̀nà rẹ̀.

Òótọ́ ni pé àwọn ilé kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń pàdé ara wọn yípo ọdún. Ọ̀kan ni Co-Creation Hub tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Yaba, l'Ékòó, ní nǹkan bí ọdún 2010. Bọ́sún Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀, di mínísítà ní 2023. Ṣùgbọ́n kí ni ìyá onígàrí yóò wá lọ sí Yaba? Ìpàtẹ ọjà ni ibi tí àwọn méjèèjì ti lè fojú kan ara wọn.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lọ kò gbọdọ̀ jókòó ti tábìlì láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kí ó fi ẹnì kan ṣọ́ ọjà, kí ó rìn yí ká, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ìsọ̀ wọn kángun síra. Kí ó bi í léèrè ohun tí ń dà á láàmú nídìí iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó máa ròyìn tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò gba owó kí òun tó mú un mọ olówó òkè òkun, kí ó dárin kọjá.

Ìwé àkọsílẹ̀ sì ṣe pàtàkì. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti gba káàdì bí ogún rí, mo kó wọn sí àpò agbádá, agbádá sì bá ti alágbàfọ̀ lọ. Ohun tí ó padà bọ̀ kò yàtọ̀ sí ẹ̀kọ tútù. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà, ìlú rẹ̀, ohun tí ó ń wá, àti ohun tí ẹ ṣèlérí fún un. Kí ẹ sì pè é kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, nígbà tí ó ṣì lè rántí ojú yín.

Ìyá onígàrí pè mí ní ìjẹta. Ó ń béèrè ìgbà tí a óò bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ìsọ̀ fún ìpàtẹ tí ń bọ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun mẹ́ta ti sọ pé àwọn fẹ́ kí ìsọ̀ àwọn tún kọjú síra.