Èéṣe Tí Alùpùpù Tí À Ń Gùn Lọ Oko Kì Í Ti Amẹ́ríkà Wá?

 

Ẹ wo àwọn alùpùpù tó ń gba ọ̀nà Kábùà àti ọ̀nà Ọ̀fẹ̀ kọjá. Wọ́n ń kó iṣu, wọ́n ń kó àgbàdo, wọ́n ń kó kajú. Wọ́n ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ ka orúkọ tó wà lára wọn. Ẹ ó rí Yamaha, Honda àti Suzuki: Jàpáánì ló ni wọ́n. Ẹ ó rí Bajaj: Íńdíà ló ni ín. Ẹ ó rí Haojue: Ṣáínà ló ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ lè wò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ẹ má rí ti Amẹ́ríkà.

Bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà mọ ẹ̀rọ ṣe. Ó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, ó ń ṣe katakata. Ó ti ń ṣe alùpùpù kí ilé iṣẹ́ Honda tó wà láyé. Kí ló wá dé? Ìdáhùn rẹ̀ yóò wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra alùpùpù. Yóò sì wúlò fún ẹni tó ń ṣe nǹkan tà.

Irú alùpùpù wo là ń sọ? Èyí tí a ṣe fún ọ̀nà erùpẹ̀ ni. Ó fúyẹ́. Ó ga nílẹ̀, kí òkúta àti kùkùté má baà gbá a nísàlẹ̀. Táyà rẹ̀ ní eyín ńláńlá tó ń di ẹrẹ̀ mú. Sípíríǹgì rẹ̀ gùn, kí ihò ọ̀nà má baà dá ẹ̀yìn ro ẹni tó gùn ún. Ní ìlú òyìnbó, wọ́n fi ń sáré ìje nínú ẹrẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, òṣìṣẹ́ ìlera àti òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti gun Yamaha AG 100 àti DT 125 dé abúlé tí ọkọ̀ kò lè dé.

Ìdí kìíní nìyí: ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti gba iṣẹ́ alùpùpù ṣe. Ilé iṣẹ́ alùpùpù Indian bẹ̀rẹ̀ ní 1901. Harley-Davidson bẹ̀rẹ̀ ní 1903. Ṣùgbọ́n ní 1908, Ford gbé ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n ń pè ní Model T. Ó ń ṣe púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Nígbà tó di 1925, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù jẹ́ dọ́là 260. Owó alùpùpù ńlá kò kéré sí i. Ta ni yóò wá ra alùpùpù fún iṣẹ́, bí ó bá lè fi iye kan náà ra ọkọ̀ tó ń gbé ìyàwó, ọmọ àti ẹrù? Báyìí ni alùpùpù di ohun ìgbádùn, àti ohun èlò ọlọ́pàá. Ọ̀nà wọn fẹ̀, epo wọn kò wọ́n, nítorí náà wọ́n ń ṣe alùpùpù tó tóbi, tó sì wúwo. Indian dáwọ́ dúró ní 1953. Harley nìkan ló kù nínú àwọn ńlá.

Ìdí kejì: Jàpáánì bẹ̀rẹ̀ láti inú àìní. Ogun parí ní 1945. Owó kò sí, epo wọ́n, ọ̀nà bàjẹ́. Ní 1946, ọ̀gbẹ́ni Soichiro Honda rí àwọn ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ológun fi ń fún rédíò wọn ní iná. Ó so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ lásán, ó sì ń tà wọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ju 100 lọ ló ń du ọjà yìí. Àwọn tí kò lágbára kógbá wọlé. Àwọn tó kù ti kọ́ bí a ti ń ṣe ẹ̀rọ kékeré tó lágbára, tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Honda gbé Super Cub jáde ní 1958. Nígbà tó di 2017, ó ti ṣe mílíọ̀nù 100 rẹ̀.

Ní àkókò náà, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ti fẹ́ràn láti máa gun alùpùpù wọ inú igbó àti aṣálẹ̀. Èyí tó wúwo ń dá wọn lágara. Yamaha rí i. Ní 1968, ó gbé DT-1 wá fún wọn. Ó fúyẹ́, ó ń rin igbó, ó sì ń rin títì. Wọ́n rà á gan-an. Honda, Suzuki àti Kawasaki kò jókòó, wọ́n tẹ̀ lé e.

Ìdí kẹta: Harley kò fi gbogbo ọkàn ṣe é. Ní 1960, ó ra ìdajì ilé iṣẹ́ Aermacchi ní Ítálì, kí ó lè rí alùpùpù kékeré tà. Ṣùgbọ́n èrè orí ńlá ló wu àwọn tó ń bá a tajà. Ní 1978, ó gbé alùpùpù ẹrẹ̀ kan jáde, MX250. Díẹ̀ ló ṣe nínú rẹ̀. Lọ́dún kan náà, ó ta ilé iṣẹ́ Ítálì náà. Ní 1983, ìjọba Amẹ́ríkà fi owó ibodè lé alùpùpù Jàpáánì láti gba Harley sílẹ̀. Àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn ju 700 lọ nìkan ni wọ́n fi owó náà lé. Ta ni yóò mọ ọgbà yí oko tí kò sí ẹni tó ń ro ó? Lẹ́yìn náà, Cannondale, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, dán alùpùpù ẹrẹ̀ wò. Gbèsè wọ̀ ọ́. Ní 2003, ó lọ sọ ní ilé ẹjọ́ pé òun kò lè san án mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi alágbẹ̀dẹ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan ń rọ idà fún ìjòyè. Èkejì ń rọ ọkọ́ fún gbogbo àgbẹ̀. Idà lówó lórí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ọkọ́ ń gbó, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó rọ ọ́. Àwọn àgbà ní, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, kí ẹ tó fi owó kajú ra alùpùpù, ẹ má wo orúkọ ńlá nìkan. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin:

1. Ṣé ẹ̀yà ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní ọjà tó wà nítòsí wa?
2. Ṣé mekáníìkì wa mọ̀ ọ́n tú, tó sì mọ̀ ọ́n tò?
3. Ṣé ó lè gbé ẹrù wa ní ọ̀nà wa, nígbà òjò?
4. Ṣé òǹkà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀ mu?

Ìbéèrè kẹrin yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín kà á. Ẹ fi ojú ara yín kà á, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ má san owó.

Iṣẹ́ yín nìyí: ẹ wá alùpùpù mẹ́ta ní abúlé yín. Ẹ kọ orúkọ wọn àti òǹkà ẹ́ńjìnnì wọn sínú ìwé. Ẹ mú un wá sí kíláàsì.