Bí Ó Ti Yẹ Kí A Túfọ̀ Ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì



Ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ̀ yín wá lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó ti dá kún ìbànújẹ́ ilé kan tí mo mọ̀. Nígbà tí bàbá wọn papò dà ní ilé ìwòsàn, ọmọbìnrin rẹ̀ kọ̀wé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Lọ́ńdọ̀nù pé, “Father has gone home.” Ẹ̀gbọ́n rò pé ara bàbá ti yá, ó ti padà sí ilé. Ó dúpẹ́, ó sì ra aṣọ fún un. Ní ọjọ́ kẹta ni ó tó mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ni a tú fún òun.

Irú àṣìmọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Olúwa wa wí pé Lásárù sùn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rò pé oorun ìsinmi ni, títí ó fi là á yé wọn gbangba pé ó kú.

Ní èdè wa, a kì í wí pé ọba kú; a ní ọba wàjà. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀rù “died”, bí ẹni pé èébú ni. Kì í ṣe èébú. Nígbà tí Ọba George Kẹfà wàjà ní oṣù kejì ọdún 1952, “passed peacefully away” ni ìkéde wí. Nígbà tí ó kan ọmọ rẹ̀, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, “died peacefully” ni ààfin kọ. Ọ̀wọ̀ wà nínú méjèèjì.

Ẹ yan ọ̀kan nínú wọn. “Demise” wúwo jù. Ọ̀rọ̀ amòfin ni. “Expired” jọ ti ìwé àṣẹ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. “Kicked the bucket” sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, kò gbọdọ̀ dé inú ìwé ọ̀fọ̀ láé.

Nígbà tí àgbà bá lọ túfọ̀ ní ilé ẹni, ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ a máa parí ohun tí ẹnu rẹ̀ fi pamọ́. Ìwé kò ní ojú, kò ní ohùn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kọ “I am sorry to tell you”, lẹ́yìn náà orúkọ olóògbé, ọ̀rọ̀ ikú náà gan-an, àti ọjọ́ rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ wa rọ̀, ṣùgbọ́n kí ó yé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá kà á.