Ṣé Èèyàn Lè Fi Fóònù Jẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí ni pé: ṣé ọmọ Ìjọ Àgùdà lè pe Fadá lórí WhatsApp, kó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, kí Fadá dárí jì í, kó sì parí síbẹ̀?

Rárá ni ìdáhùn.

Lọ́dún 2011, áàpù kan jáde fún iPhone ní Amẹ́ríkà, ìjẹ́wọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Bíṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ tiẹ̀ fọwọ́ sí i. Á máa bi èèyàn ní ìbéèrè lórí Òfin Mẹ́wàá kó lè yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò. Làwọn oníròyìn bá pariwo pé ìjẹ́wọ́ ti dórí fóònù. Agbẹnusọ Póòpù nígbà yẹn, Fadá Federico Lombardi, ló jáde là á mọ́lẹ̀: áàpù lè ràn yín lọ́wọ́ láti múra sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ́wọ́ àti àlùfáà gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀.

Kí ló dé tó fi le tó bẹ́ẹ̀? Àkọ́kọ́, fóònù ò mọ àṣírí í pa. Gbogbo wa la mọ ohun tí screenshot ti fojú ẹ̀ rí. Fadá ní tiẹ̀ ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún adájọ́, ì báà jẹ́ pé èèyàn lẹ pa. Bó bá mọ̀ọ́mọ̀ tú u síta, lójú ẹsẹ̀ ló ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdàpọ̀ Ìjọ.

Èkejì ló wúwo jù lójú tèmi. Fóònù ti kọ́ wa pé téèyàn bá ti pa nǹkan rẹ́, ó tán nìyẹn. Èèyàn á ṣẹ̀, á yí nọ́ńbà padà, á ní òun ti bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé tuntun. Ìjọ ò gbà bẹ́ẹ̀. Ká ní alájọ kan níbi iṣẹ́ gba ₦180,000 lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi ta tẹ́tẹ́, owó wọgbó. Ó lọ bá Fadá, ó jẹ́wọ́ tọkàntọkàn, Fadá sì kéde ìdáríjì. Ọlọ́run ti dárí jì í, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Àmọ́ ìyá tó fẹ́ fi owó àjọ san owó ilé ìwé ọmọ ńkọ́? Gbèsè ṣì wà lọ́rùn onígbèsè. Ẹ̀kọ́ Ìjọ sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó jí nǹkan gbọ́dọ̀ dá a padà, ẹni tó ba ẹlòmíì lórúkọ jẹ́ gbọ́dọ̀ tún orúkọ náà ṣe, bí agbára rẹ̀ bá ṣe ká a tó. Bí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, kó máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ńkọ́? Ní May 13, 1981, Mehmet Ali Ağca yìnbọn fún Póòpù John Paul Kejì ní gbàgede Pétérù Mímọ́, níṣojú ọ̀pọ̀ èrò. Lọ́jọ́ kẹrin sí i, láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, Póòpù ní kí wọ́n gba ohùn òun sílẹ̀, ó ní òun ti dárí ji arákùnrin tó yìnbọn fún òun. Ẹ ò rí i? Ìdáríjì tó wà láàárín èèyàn sí èèyàn, ẹ̀rọ lè gbé e. Síbẹ̀ kò fi mọ síbẹ̀. Ní December 27, 1983, ó wọ ẹ̀wọ̀n Rebibbia ní Róòmù, ó jókòó sún mọ́ ọn, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Nígbà tí Póòpù dìde, ó padà sílé. Ağca ò bá a jáde. Ọdún 2000 ni Ààrẹ Ítálì tó fún un ní ìdáríjì ti ìjọba, ìyẹn náà sì rèé, ẹ̀wọ̀n Tọ́kì ló tún bá lọ, nítorí pé ó ti pa akọ̀ròyìn kan níbẹ̀ ṣáájú. January 2010 ló tó gba òmìnira.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí alájọ jẹ lówó, ẹ lè dárí jì í látọkànwá, kẹ́ ẹ sì ṣì máa béèrè owó yín. Kò sì sí ẹni tó ní kẹ́ ẹ tún gbé àjọ ọdún tó ń bọ̀ fún un.

Ẹni tó ti pẹ́ tó ti jẹ́wọ́ gbẹ̀yìn, bóyá látìgbà tẹ́ ẹ ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń ṣe ìjẹ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ kàn sọ fún Fadá pé ó ti pẹ́, pé ẹ ti gbàgbé àdúrà ẹ̀, á tọ́ yín sọ́nà. Bẹ́ ẹ bá kọ ẹ̀ṣẹ̀ yín sínú fóònù kẹ́ ẹ má bàa gbàgbé, kò burú. Ẹ ṣáà pa á rẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé fóònù fún ọmọ àbúrò yín láti fi ṣeré.