Ẹ Kọ Orúkọ Àwọn Baba Yín Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ibojì ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má fòyà. Àwa tí a wà láàyè ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ìlú Dassa-Zoumè wà ní ilẹ̀ Benin, lójú ọ̀nà Cotonou sí Parakou. Láti Cotonou dé ibẹ̀ tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Àwọn ènìyàn a máa pè é ní ìlú olókè 41. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ṣùgbọ́n àwọn òkè náà yọ sókè bí erékùṣù láàárín omi. Àwọn Ìdáàṣà ló ń gbé ibẹ̀, ẹ̀ka èdè Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ.

Kí ló mú àwọn àgbà sá gun orí òkè? Ogun ni. Kí àwọn Faransé tó ṣẹ́gun Ọba Béhanzin ní 1894, àwọn ọmọ ogun Dahomey a máa wá kó ènìyàn lẹ́rú ní agbègbè náà. Àpáta ni odi wọn, ihò àpáta sì ni ibi ìsápamọ́ wọn. Ibi tí ènìyàn bá sì gbé pẹ́, ibẹ̀ ni yóò sin òkú rẹ̀ sí. Ìdí nìyí tí ibojì àwọn ọba àtijọ́ ti ìdílé Ọmọ Jagun fi wà lórí òkè.

Ní 1954, ìjọ Àgùdà ya ihò àpáta kan sọ́tọ̀ fún Màríà Mímọ́ níbẹ̀. Arigbo ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà náà, ní oṣù August lọ́dọọdún, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń wá gbàdúrà níbẹ̀. Ní 1995, Dassa-Zoumè di ibùjókòó bíṣọ́ọ̀bù.

Ohun rere ni kí àlejò máa wọ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: bí ìlú bá ń tóbi, ilẹ̀ a máa há. Ẹni tí kò mọ̀ pé ibojì wà níbì kan lè fọ́ òkúta ibẹ̀ fi kọ́lé. Ẹ dá a lẹ́bi? Ta ló sọ fún un? Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?

Ẹ jẹ́ ká wo ibòmíràn. Erékùṣù kékeré kan wà ní Skọ́tílándì, Iona lorúkọ rẹ̀. Columba dá ilé ìsìn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 563, wọ́n sì ń sin ọba àti ìjòyè síbẹ̀. Ní 1549, àlùfáà Donald Monro kọ ọ́ sínú ìwé pé ọba Skọ́tílándì 48, ti Norway 8 àti ti Ireland 4 ló wà níbẹ̀. Àwọn òpìtàn òde òní kò gba iye yẹn gbọ́ tán. Òjò, afẹ́fẹ́ àti ẹsẹ̀ ènìyàn ti pa ọ̀pọ̀ ohun tí a gbẹ́ sára òkúta ibẹ̀ rẹ́. Lónìí, kò sí ẹni tó lè nawọ́ sí ibojì kan kí ó ní, "Ọba báyìí ló wà níhìn-ín." Bí ti òkúta bá rí báyìí, kí ni ká ti wí nípa ohun tó wà lórí nìkan?

Àwọn baba wa kò kọ̀wé, oríkì ni wọ́n fi ń rántí. Àwa ti mọ̀wé báyìí. Kí ni ká ṣe?

Èkíní: ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ tọ àwọn àgbà ilé lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ bi wọ́n pé, "Baba, ta ni a sin síhìn-ín? Ọmọ ta ni? Iṣẹ́ wo ló ṣe?"

Èkejì: ẹ kọ ibi tí ibojì náà wà. Ẹ ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé ibi àpáta tàbí igi ńlá tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Ẹ̀kẹta: bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ọdún rẹ̀, ẹ má purọ́. Ẹ bèèrè bóyá ó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ihò Arigbo ní 1954 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn náà tó kọ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: ohun tí àgbà bá ní awo ni, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀, ẹ má ṣí òkúta.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ olórí ẹbí, kí èkejì wà lọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí nínú ìjọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ìjà ilẹ̀ bá dé, ibojì baba ńlá ni ìdílé máa ń tọ́ka sí. Ìwé tí a kọ pẹ̀lú òtítọ́, tí àwọn àgbà ilé méjèèjì gbọ́ sí, lè paná irú ìjà bẹ́ẹ̀ kó tó ràn.

Onígbàgbọ́ ni yín o, oníṣẹ̀ṣe ni yín o, mùsùlùmí ni yín o, ẹnì kan ló bí baba yín. Ṣé ẹ mọ orúkọ baba baba baba yín? Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ bèèrè nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà.